Ilẹ̀ Tí A Gbá, Níbo Ni A Dà Á Sí?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí oòrùn tó yọ ni ọmọ ilé ti ń gbálẹ̀. Ẹni tí ó bá sùn títí ojúmọ́ fi mọ́ kedere láìgbá iwájú ilé rẹ̀, ọ̀lẹ ni a ń pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà ilé bá jí, kì í ṣe iwájú ilé nìkan ni í wò. A máa bi ọmọ náà pé, ‘Ilẹ̀ tí o gbá, níbo ni o dà á sí?’ Bí ọmọ bá dà á sí orí ààtàn tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ara wọn, a ó yìn ín. Bí ó bá dà á sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò, a ó bá a wí, bí iwájú ilé tirẹ̀ tilẹ̀ ń dán bí àwo tanganran. Ìbéèrè àgbà ilé yìí ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò lónìí, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná, tí gbogbo ayé ń sọ pé òun ni yóò fọ afẹ́fẹ́ wa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọkọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́, kí a lè mọ ohun tí a ń yìn àti ohun tí a ń bi léèrè. Ọkọ̀ tí a mọ̀ láti ayé àwọn baba wa ń mu epo bẹntiróò. Epo náà ń jóná nínú ẹ́ńjìnnì, agbára ìjóná náà ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, èéfín a sì gba ẹ̀yìn jáde. Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú epo tí a fi owó rà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ń gbé ọkọ̀ rìn. Ìyókù di ooru, ó bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọkọ̀ oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí a ń gba iná sí gẹ́gẹ́ bí a ti ń gba iná sí tẹlifóònù. Iná inú bátìrì ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kò sí epo, kò sí ìjóná, kò sí èéfín, èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná tí a fún un ni ó sì fi ń rìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ṣe làálàá lórí irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2019. Goodenough ti di ẹni ọdún 97 nígbà náà. Kò tíì sí ẹni tí ó dàgbà tó o tí ó gba ẹ̀bùn náà rí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni èyí. Ní Kútọnu àti ní Lomé, láti ọdún 2022, àwọn ọlọ́kadà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní zémidjan ti ń gun alùpùpù oníná. Ilé iṣẹ́ tí ó kó wọn dé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Spiro báyìí, kọ́ ibùdó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bí bátìrì bá fẹ́ tán, ọlọ́kadà a yà síbẹ̀, a fi èyí tí ó ti rẹ̀ sílẹ̀, a gba èyí tí ó kún, a sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ kí ẹni tí ń mu ẹ̀kọ tó mu ún tán. Ní Maiduguri, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mustapha Gajibo yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò nínú bọ́ọ̀sì kékeré, ó sì fi bátìrì àti ẹ̀rọ oníná rọ́pò rẹ̀. Èkó náà gba bọ́ọ̀sì èrò oníná ní ọdún 2023. Nítorí náà, ohun tí a ń sọ ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó kù kí ó wọlé.

Ní ti àwa ará Òkè-Ògùn, owó epo ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo ti dópin. Lítà epo tí kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Àwa tí ilẹ̀ wa bá ti Bẹ̀nẹ̀ pààlà tún ti jẹ ìyà tiwa ṣáájú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa, àṣẹ jáde pé kí a má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí kò bá jìnnà tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè, nítorí àwọn onífàyàwọ́ tí ń kó epo kọjá. Ẹni tí ó ṣe fàyàwọ́ àti ẹni tí kò ṣe é ni àṣẹ náà jọ bá wí. Ǹjẹ́ nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní fẹ́ ọkọ̀ tí kì í mu epo?

Èmi pàápàá fẹ́ ẹ. Mo ti jókòó sí ẹ̀yìn ọ̀kadà ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, tí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó èédú wà níwájú wa, tí èéfín dúdú ń tú lé wa lórí, tí ọlọ́kadà sì ń wúkọ́ bí ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ kọlù. Èéfín yìí kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, ṣùgbọ́n olówó ń ti fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni ọlọ́kadà ń fà á símú. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè mí ní ọ̀tá ọkọ̀ oníná. Ohun tí mo ń bi léèrè ni ohun tí àgbà ilé ń bi ọmọ: ilẹ̀ tí a gbá yìí, níbo ni a dà á sí?

Nínú bátìrì tí mo wí ni irin kan wà tí a ń pè ní lítíọ́mù. Òun ni irin tí ó fúyẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé. Inú òkúta ni a ti ń rí i. Ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí aṣọ elése àlùkò tí ó ti ṣá, ó sì ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Lepidolite ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìpẹ́ ẹja ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, ẹni tí ó bá sì ti mú un lọ́wọ́ rí yóò mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ wa. Ní agbègbè Komu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, àti ní àwọn ibòmíràn ní Òkè-Ògùn, ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wa òkúta olówó iyebíye. Nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí wá lítíọ́mù lójú méjèèjì, àwọn tí ń wa òkúta yí ojú sí i.

Òfin ilẹ̀ wa sì ti pín ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ ni ó ni iṣu tí ó gbìn. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà ni ó di ilẹ̀ náà mú fún ará ìlú. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 àti òfin ìwakùsà ti ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ohun àlùmọ́ọ́nì gbogbo tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé oko kan ṣoṣo ní olówó mẹ́ta, ẹni tí ó sì ń jí lọ síbẹ̀ ní ojoojúmọ́ ni agbára rẹ̀ kéré jù nínú wọn.

Ní ìsinmi gbọọrọ tí ó kọjá, mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí abúlé kan ní agbègbè wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Oko iṣu ni ibẹ̀ jẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Kòtò ni mo bá níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Òmíràn jìn ju ìdúró ọkùnrin mẹ́ta lọ, kò sí ọgbà tí ó yí i ká. Omi òjò ti kún inú òmíràn, ewúrẹ́ sì ń mu nínú rẹ̀. Igi ẹmi kan ti dà wó sí etí ọ̀kan nínú wọn, gbòǹgbò rẹ̀ kọ ojú sí òkè. Ìyá arúgbó kan jókòó sí abẹ́ igi irú, ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.’

Ó ní, ‘Oò, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?’

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí fún un. Ó súre fún mi, ó wá bi mí pé, ‘Ìwọ tí o wà ní ilé ìwé gíga, kí ni wọ́n ń fi òkúta yìí ṣe ní ibi tí wọ́n ń kó o lọ?’

Mo ní, ‘Bátìrì ni wọ́n ń fi ṣe, Ìyá, fún ọkọ̀ tí kì í rú èéfín.’

Ó wo èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, ‘Ọkọ̀ náà dára. Ta ni yóò wọ̀ ọ́?’

N kò rí èsì fún un. Nígbà tí mo bi í bóyá ó dùn ún pé wọ́n gbẹ́ oko rẹ̀, ohun tí ó wí nìyí: ‘Ó dùn mí, kò sì dùn mí. Ọkọ mi ni ó kọ́kọ́ ṣán oko yìí. Àwọn tí ó wá bá wa fún mi ní owó, òun ni mo fi kan òrùlé tí kò jò mọ́. Àkọ́bí mi wà nínú àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ti tán, ọmọ mi, kòtò kò sì tán.’

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti jẹ́ kí n sinmi. Àwọn tí ó gba ibẹ̀ gbẹ́ kò padà wá dí kòtò náà. Ní ìlú kan tí ó jìnnà, ọkọ̀ kan ń lọ ní ìdákẹ́rọ́rọ́, afẹ́fẹ́ ìlú náà mọ́, àwọn ọmọdé ń mí dáradára. A ti gbá iwájú ilé wọn. Ilẹ̀ tí a gbá ni ó wà nínú oko ìyá yìí.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Cobalt, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ bátìrì bẹ́ẹ̀, Kóńgò ni ó ti ń mú nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá tí gbogbo ayé ń lò jáde, a sì ti rí àwọn ọmọdé nínú kòtò níbẹ̀. Ẹ tún wo ìhà kejì. Ọkọ̀ epo tí àwọn ará Yúróòpù tà láti fi ra oníná kò kú. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ sí Kútọnu tàbí Èkó, ó di tòkunbọ̀, ó sì wá ń rú èéfín ní Ṣakí. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí àyíká sọ ní ọdún 2020 pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ni a kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù. Òkúta tí a fi ṣe tuntun ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Àlòkù ń bọ̀ wá bá wa. Bí ó bá ń lọ, kòtò ni ó fi sílẹ̀. Bí ó bá ń bọ̀, èéfín ni ó gbé bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi ní yàrá wa, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ìwọ ọmọ èdè yìí, ojú àánú ni o fi ń wo ohun gbogbo. Èéfín epo ń pa ènìyàn ní gbogbo ayé lọ́dọọdún, ó sì ń mú kí ayé gbóná, tí òjò kò fi rọ̀ ní àkókò mọ́ fún àgbẹ̀ Òkè-Ògùn gan-an. Kòtò mélòó ni o rí? Bí kòtò díẹ̀ bá gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ là, kí ni ó burú níbẹ̀? Ibì kan ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ ààtàn. Àwọn àgbà tilẹ̀ ti wí pé àkìtàn kì í kọ ilẹ̀.’

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára, n kò sì fẹ́ fi ojú kékeré wò ó. Òtítọ́ ni pé ayé ń gbóná. Òtítọ́ ni pé bí a bá ka iye orí, àwọn tí èéfín ń pa lára pọ̀ ju àwọn tí kòtò gba oko wọn lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ohun méjì tí kò tọ́ nínú rẹ̀. Èkíní, ẹni tí ó ń ka iye orí náà kì í sábà jẹ́ ẹni tí kòtò wà nínú oko rẹ̀. Ó rọrùn láti yọ̀ǹda ohun tí kì í ṣe tiwa. Èkejì, òwe tí ó pa dára fún àkìtàn. Kò dára fún ènìyàn. Àkìtàn kì í kọ ilẹ̀ nítorí pé kò ní ẹnu. Ìyá tí mo bá pàdé ní ẹnu, ó sì bi mí ní ìbéèrè. Ẹni tí ó lè bèèrè pé ‘Ta ni yóò wọ̀ ọ́?’ kì í ṣe ààtàn.

Ẹ tún rántí ibi tí ààtàn ń wà ní agboolé àtijọ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ó ń wà. Òórùn rẹ̀ ń dé imú wa; nítorí náà a kì í da ohunkóhun tí ó bá wù wá síbẹ̀. Bí ó bá jẹrà tán, a ó kó o lọ sí oko, yóò sì mú kí àgbàdo wa ta. Ẹni tí ó da ilẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ òórùn rẹ̀ àti ẹni tí ó jẹ èrè rẹ̀, ẹnì kan náà ni. Ààtàn ayé òde òní ni kò sí ní ẹ̀yìnkùlé ẹni tí ó ń gbálẹ̀. Ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó gbálẹ̀ fi lè búra pé òun kò da ohunkóhun nù.

Bí mo ti kọ ọ̀rọ̀ dé ibí yìí ni inú mi ń dùn pé mo ti mú àwọn ará ibòmíràn ní ìmú ẹlẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi dá mi lẹ́bi, kò sì tọ́ kí n fi ìdálẹ́bi náà pa mọ́ fún yín. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956 ni a kan epo ní Oloibiri, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí. Láti ìgbà náà ni a ti ń fa epo jáde ní ilẹ̀ àwọn ará Niger Delta. Epo yẹn ni ó ń gbé iṣu wa láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn. Òun ni ó ń gbé aṣọ òkè Ìsẹ́yìn lọ sí òde ìyàwó káàkiri. Òun ni ó gbé èmi gan-an wá sí ilé ìwé. Ta ni nínú wa tí ó bèèrè rí pé ilẹ̀ tí a gbá, níbo ni a dà á sí?

Ní ọdún 2011, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Ògóní. Wọ́n rí i pé ní Nisisioken Ogale, benzene, oró kan tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ, wà nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ní ìwọ̀n tí ó ju èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po 900. Wọ́n ní títún ilẹ̀ náà ṣe lè gba ọdún 25 sí 30. Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba ológun ti so Ken Saro-Wiwa kọ́ pẹ̀lú àwọn mẹ́jọ mìíràn, ẹni tí ó ti ń ké nítorí ilẹ̀ náà. Àwọn àgbà wa gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n káàánú. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà wa kò dúró fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwa rò pé ẹni tí ń jẹ ìyà epo kì í ṣe ará ilé wa. Bí kòtò kò bá dé oko wa, bóyá n kò bá má kọ ìwé yìí.

Ohun tí èyí kọ́ mi ni pé kò sí ọkọ̀ kankan, ìbáà ṣe ti epo tàbí ti iná, tí kì í jẹ ẹnì kan ní ìyà níbì kan. Iná tí a ó gbà sí bátìrì náà ní ibi tí ó ti ń wá. Ní Egbin, lẹ́bàá Ìkòròdú, gáàsì ni wọ́n ń jó kí iná tó tàn. Ní Kainji, tí wọ́n sé odò Ọya sí ní ọdún 1968, omi ń yí ẹ̀rọ láìsí èéfín, ṣùgbọ́n omi náà ti bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì kó kúrò ní ilé baba wọn. Nítorí náà, ‘Ọkọ̀ wo ni ó mọ́?’ kọ́ ni ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bèèrè. Ìbéèrè náà ni pé, ‘Nínú gbígbé tí ọkọ̀ yìí gbé mi, gbèsè ta ni mo jẹ, báwo ni mo sì ṣe ń san án?’

Bí ó bá jẹ́ pé gbèsè ni, nígbà náà kì í ṣe pé kí a kọ ọkọ̀ oníná. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kì í tìtorí rẹ̀ dẹ́kun àtijẹun. Ó ń san án ni. Mo rí ọ̀nà mẹ́ta tí a lè fi san án.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí ẹni tí ó gbẹ́ kòtò dí i. Èyí kò le. Àgbẹ̀ tí ó bá hú iṣu a máa wọ́ ebè rẹ̀ padà. Ẹni tí ó wa òkúta kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe kéré sí ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ nínú rẹ̀ pín nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Oòrùn pọ̀ ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn. Bí a bá gbé àwo tí ń gba agbára oòrùn kalẹ̀ ní abúlé, ọlọ́kadà lè gba iná sí bátìrì rẹ̀ níbẹ̀, ìyá arúgbó lè tan iná tirẹ̀. Lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, a ti sé odò Ògùn ní Ìkéré tipẹ́tipẹ́. Adágún náà lè gba omi tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà, iná sì wà lára ohun tí a torí rẹ̀ sé odò náà. Omi wà níbẹ̀. Iná náà ni a kò tíì rí. Bí ayé bá ń fẹ́ òkúta wa kí ọkọ̀ wọn lè rìn, kò pọ̀ jù láti béèrè pé kí iná tàn ní ibi tí òkúta ti wá.

Ọ̀nà kẹta kan àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn yìí ní tààrà. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ láti wa kùsà bá ìlú tí ó ni ilẹ̀ ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ òfin náà. Ìyá tí mo bá ní oko kò mọ̀ pé ó wà. Àdéhùn tí a kọ ní èdè tí ẹni tí yóò tẹ ìka sí i kò gbọ́, àdéhùn ha ni bí? Àwa ọmọ Ẹgbẹ́ yìí ń fi gbogbo ọdún jiyàn lórí ìtumọ̀ oríkì àti àmì ohùn. Ó dára, n kò sì kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ó yẹ kí a jókòó ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí a túmọ̀ apá òfin yẹn sí Yorùbá tí ó já gaara, kí a sì kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè àwọn ará Ògóní tàbí ti àwọn ará Ijaw, ẹ ṣe é fún wọn pẹ̀lú, kí ó má baà di pé ti ara wa nìkan ni a mọ̀.

Kí n tó fi ìkọ̀wé sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ohun kan nínú èdè wa. Bí a bá da ohun tí a gbá nù, a ó ní a da ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì da májẹ̀mú tí ó bá ẹnìkejì rẹ̀ dá, a ó ní ó dalẹ̀. N kò sọ pé ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ṣẹ̀ wá; èyíinì kù sí ọwọ́ àwọn olùkọ́ wa. Ṣùgbọ́n etí gbọ́ wọn bí ọ̀kan, mo sì rò pé etí kò ṣìnà. Ẹni tí ó da ilẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, tí ó ń rìn kiri pé òun mọ́, ó ti dalẹ̀. Gbogbo wa sì mọ ohun tí àwọn baba wa wí nípa ẹni tí ó bá dalẹ̀: ilẹ̀ ni yóò bá lọ.

Tẹlifóònù tí ó wà nínú àpò mi bí mo ti ń kọ èyí, lítíọ́mù wà nínú bátìrì tirẹ̀ pẹ̀lú. N kò mọ inú oko ta ni a ti gbẹ́ ẹ. Bí mo bá padà sí abúlé yẹn, tí ìyá náà sì tún bi mí pé ta ni yóò wọ ọkọ̀ náà, mo fẹ́ lè dá a lóhùn pé, ‘Ọmọ yín tí ó wà nínú kòtò ni, Ìyá, yóò sì fi gbé yín lọ sí ọjà.’ Títí èyí yóò fi di òtítọ́, n kò ní pe ọkọ̀ náà ní mímọ́. Ọkọ̀ tí kì í rú èéfín ni n ó máa pè é.